Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ikùn bàbá mi ti wú tó sẹ̀ǹtímítà 6.1: ṣé ká ṣe stent ni, àbí kí wọ́n la ikùn?

Ọmọ Télọ̀ Lágere · Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71. Télọ̀ ni wọ́n, ní Lágere níbí ní Ilé-Ifẹ̀, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Lóṣù tó kọjá, ìtọ̀ ń jí wọn lóru ṣáá, la bá mú wọn lọ ṣe skáànù nítorí pirọ́sítéètì. Ẹni tó ń ṣe skáànù náà ń yí ẹ̀rọ kiri ikùn wọn, ó wá dúró lójú kan, lókè ìdodo díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa. Ó fi gẹ́ẹ̀lì kún un, ó tún un wò, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n kọ síwèé fún wa ni pé pirọ́sítéètì tóbi díẹ̀, ìyẹn kò le, ṣùgbọ́n aorta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn kọjá, ti wú, ìbú rẹ̀ sì ti di sẹ̀ǹtímítà 6.1. Aneurysm ni wọ́n pè é.

Kò dùn wọ́n rárá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tá a délé lọ́jọ́ náà, wọ́n bọ́ téèpù tó wà lọ́rùn wọn. Ojú ínǹṣì ni wọ́n máa ń lò. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n yí téèpù sí ojú sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n fi àtàǹpàkò di ojú 6 mú, wọ́n gbé e lé ikùn wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ó mà fẹ̀ ju bẹ́líìtì ṣòkòtò lọ." Wọ́n wá fa ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé ojú ibẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń lu ọwọ́ mi bí ẹni pé ọkàn kejì ló wà níbẹ̀.

Wọ́n fa sìgá tó ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó jáwọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo oògùn, àmọ́ wọ́n máa ń fo ọjọ́ míì.

Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n fi iṣan àtọwọ́dá rọ́pò ibi tó wú. Ìkejì ni kí wọ́n gba ojú ihò kékeré lábẹ́ ikùn, kí wọ́n ti stent, ìyẹn túùbù onírin kan, wọnú iṣan náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní stent ni kò sí ohun míì, kí a ta ilẹ̀ wa ní Ìyèkéré. Àbúrò mi obìnrin ní ohun tí wọn ò bá là, wọn ò tíì wò ó sàn. Bàbá fúnra wọn ní kí a fi àwọn sílẹ̀ báyìí. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Ọ̀sọ́máàló · Ọjọ́ Ajé, aago 9:42 alẹ́

Stent ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún 71, kí ni wọ́n fẹ́ la ikùn wọn fún? Mo gbọ́ pé ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, èèyàn ti délé. Ilẹ̀ á tún ṣeé rà, bàbá kò ṣeé rà.

Màmá Nọ́ọ̀sì Iléṣà · Ọjọ́ Ajé, aago 10:25 alẹ́

Ọmọ mi, o kú àìbalẹ̀ ọkàn. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Wesley Guild níbí ní Iléṣà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wú yẹn fún ọ, nítorí mo rí i pé ẹ ti ń yan oògùn nígbà tí ẹ ò tíì mọ àìsàn.

Aorta ni ìyá gbogbo iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn. Ó gba àyà sọ̀kalẹ̀, ó tẹ̀ lé iwájú eegun ẹ̀yìn wọ inú ikùn, tó bá dé nǹkan bí ọ̀gangan ìdodo, ó pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Nínú ikùn níbẹ̀, ìbú rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Tó bá ti di 3, aneurysm nìyẹn. Ṣé o ti rí túùbù kẹ̀kẹ́ tó yọ gẹ̀lẹ́tẹ̀ níbi tí táyà ti ya? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ara iṣan náà ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tì í jáde, bó sì ṣe ń wú ni ara rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ọkùnrin ló ń mú jù, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọdún 65 tó sì fa sìgá rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń dá kún un. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí.

Kì í sábà dunni, ìyẹn ló fi burú. Ọjọ́ tó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé tíátà kí ẹ̀mí tó bọ́. Nítorí náà àwọn dókítà kì í dúró de ìrora. Fún ọkùnrin, 5.5 ni ojú ààlà tí wọ́n ti ń ronú iṣẹ́ abẹ. Fún obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn ń lo 5.0, torí tiwọn máa ń bẹ́ nígbà tí kò tíì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá sì ń yára wú, tó fi sẹ̀ǹtímítà kan kún ara rẹ̀ láàárín ọdún kan, wọn kì í fojú kékeré wò ó. Bàbá rẹ ti kọjá ààlà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ má fi falẹ̀, àmọ́ ẹ má sì sáré ta ilẹ̀ kí ẹ tó ṣe CT, skáànù ńlá tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Torí kì í ṣe ẹbí ló máa kọ́kọ́ sọ bóyá stent ṣeé ṣe, bí iṣan náà ṣe rí ló máa sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gún iṣan tó wà níbi tí itan ti so mọ́ ikùn, lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, ojú wọn á sì wà lára ẹ̀rọ X-ray tí àwòrán rẹ̀ ń rìn bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Lórí wáyà yẹn ni wọ́n á gbé ọ̀pá kan gbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Stent wà nínú ọ̀pá náà, ó ká jọ bí agboòrùn tí a pa dé. Tó bá dé abẹ́ ibi tí iṣan àwọn kíndìnrín ti yà, wọ́n á tú u sílẹ̀, á ṣí. Ó ní ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò: ẹsẹ̀ kan ti wà lára rẹ̀, èkejì ni wọ́n á gba itan kejì gbé wá kì bọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, inú ṣòkòtò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ á máa gbà kọjá. Àpò tó wú á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀jẹ̀ kò ní kàn án mọ́.

Ṣòkòtò náà gbọ́dọ̀ rí ibi gidi dì mú lókè. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọrùn: àyè iṣan tí kò tíì wú, láàárín iṣan kíndìnrín àti ibi tí ìwú ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ stent ń fẹ́ kí ọrùn yẹn gùn tó mìlímítà 10 sí 15, kó má sì tẹ̀ kọ̀rọ̀ jù. Bí ọrùn bá kúrú, bó bá wọ́, bí iṣan ìsàlẹ̀ bá há jù fún ọ̀pá láti kọjá, stent lásán kò ní gbà á. CT nìkan ló lè fi gbogbo ìyẹn hàn. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò, nítorí oògùn tí wọ́n ń gún sínú iṣan kí àwòrán lè hàn dáadáa máa ń ni kíndìnrín tó ti rẹ̀ lára.

Ewé Ńjẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ń ta àgbo lọ́jà níbí. Mi ò ní kí ẹ má tẹ̀ lé dókítà o. Ṣùgbọ́n ìwú inú ni ẹ pè é, a sì ní egbò tí wọ́n ń sè fún ìwú inú. Ìyá kan tún wà ní Ìlódè tó mọ ikùn fà dáadáa, ó lè máa fi òrí bá wọn fà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó lè wálẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì Iléṣà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 àárọ̀

Ẹ ṣé tí ẹ fi inú kan sọ ọ́. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fa ikùn bàbá yẹn. Èyí kì í ṣe kókó, kì í ṣe omi, kì í ṣe atẹ́gùn. Ara iṣan tó ti fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ látọ̀dọ̀ ọkàn ló sì kún inú rẹ̀. Kò sí ohun mímu tó ń dá a padà sí bó ṣe wà; oògùn òyìnbó gan-an tó lè mú un súnkì kò sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tó ń bá ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà ni wọ́n ń fúnni kí ọkàn àti àwọn iṣan yòókù lè wà ní àlàáfíà. Bàbá kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan mọ́.

Àkànjí Modákẹ́kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:18 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ọwọ́ mi ò fẹ́ tẹ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi. Ọjọ́ Satidé kan, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ìrora náà ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì bọ̀ sí abẹ́ ikùn. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí a fún un: jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n mu àgbo. Kò lọ. A gbé wọn lọ sí ọsibítù kan, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò fi ọwọ́ kan ikùn wọn. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá alẹ́, òógùn tútù ti bò wọ́n, wọ́n dìde láti lọ tọ̀, wọ́n ṣubú. Ọsibítù kejì ló ṣe skáànù, wọ́n rí i pé aorta ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú. Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú kò mọ́ bá wọn.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi rèé. Tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn lórí ibùsùn, wọ́n gbé e lé ikùn láti bá màmá wa sọ̀rọ̀. Màmá ní, "Kí ló ń mi ìwé yẹn?" Ìwé ìròyìn náà ń fò díẹ̀díẹ̀ lórí ikùn wọn. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ Télọ̀, ẹ rí i kí ó tó bẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí ilẹ̀.

Ewé Ńjẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:50 ọ̀sán

Àkànjí, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn. Màmá Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́, mi ò ní dárúkọ ìyá Ìlódè yẹn fún ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá àgbà tó ń wá ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́wọ́ mi pọ̀. Kí ni kí n máa bi wọ́n?

Màmá Nọ́ọ̀sì Iléṣà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Bá a bá ti rí bàbá tó ti lé ní 60, tó fa sìgá rí, tí ẹ̀yìn tàbí ikùn ṣàdédé ń dùn ún gidi, ẹ bi í bóyá ohun kan ń lù nínú ikùn rẹ̀, bóyá òòyì ń kọ́ ọ, bóyá ó fẹ́ dákú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tà á ní nǹkan kan, ọsibítù ńlá ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé kó yẹ aorta wò. Ẹni tí wọ́n ti rí ìwú lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìrora wá bẹ̀rẹ̀, kò sí "ẹ jẹ́ ká wò ó di ọ̀la" fún un.

Ọmọ Télọ̀ Lágere · Ọjọ́rú, aago 8:15 alẹ́

Àkànjí, mo ka tiyín fún bàbá. Wọ́n dákẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, èmi kàn ń ṣe akọ̀wé ni. Èkíní: aṣọ wo ni ṣòkòtò tí Màmá Nọ́ọ̀sì sọ yẹn? Ìkejì: bí wọn ò bá la ikùn, ta ló máa rán an mọ́ iṣan, òwú wo ló sì dì í mú? Ìkẹta: ọdún mélòó ni aṣọ náà máa lò kó tó gbó?

A ti sanwó CT. Ọjọ́ Ẹtì ni.

Oníṣègùn Ọ̀dọ́ · Ọjọ́rú, aago 11:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìbéèrè télọ̀ gidi ni.

Polyester ni aṣọ ọ̀pọ̀ stent wọ̀nyí, ẹbí kan náà pẹ̀lú polyester tí ẹ ń fi maṣíìnì rán, àmọ́ wọ́n hun tirẹ̀ mọ́ra gan-an kí ẹ̀jẹ̀ má bàa jò gba ojú rẹ̀. Àwọn míì kì í ṣe híhun, wọ́n jẹ́ oríṣi ike funfun kan tó rọ̀. Irin tó wà lára rẹ̀, àdàpọ̀ nickel àti titanium ni èyí tó wọ́pọ̀: ẹ lè ká a jọ, tó bá ti bọ́ sínú ara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á rántí bó ṣe rí, á sì ṣí padà.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ibi tí aṣọ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1948, dókítà Rudolph Nissen ṣiṣẹ́ abẹ fún Albert Einstein, ọ̀mọ̀ràn sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ayé mọ̀. Aneurysm yìí ló ní. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò iṣan nígbà náà, cellophane ni wọ́n fi wé e níta kó má bàa tètè bẹ́. Ó gbé ọdún mẹ́fà àti díẹ̀ sí i, ó sì bẹ́ ní 1955. Ní 1951, Charles Dubost ní Paris gé ibi tó wú kúrò lára aláìsàn kan, iṣan ẹni tó ti kú ló fi rọ́pò rẹ̀. Níbo la ti fẹ́ máa rí iṣan òkú fún gbogbo èèyàn? Ibẹ̀ ni Michael DeBakey ti wọlé, ní Houston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní aṣọ rírán láti kékeré. Ó lọ ra nylon nílé ìtajà, nylon ti tán, wọ́n bá fún un ní aṣọ tuntun kan tó ń jẹ́ Dacron, polyester náà ni. Ó gbé e relé, ó sì jókòó ti maṣíìnì ìyàwó rẹ̀, ó rán an di iṣan. Bàbá, maṣíìnì ìránṣọ ni iṣẹ́ yìí gbà kọjá kó tó dé tíátà.

Ìbéèrè kejì: nígbà tí wọ́n bá la ikùn, òwú ni wọ́n fi ń rán an, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, dókítà ń wo ojú rírán náà. Nígbà tí Juan Parodi gbé stent wọ inú aneurysm gba itan ní Buenos Aires lọ́dún 1990, ohun tó yí padà nìyẹn: kò sí òwú. Wọ́n ń ṣe stent kó fẹ̀ díẹ̀ ju ọrùn iṣan lọ, kí ó lè máa fi agbára tì í láti inú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ tún ní ìkọ́ kéékèèké lókè tó ń gán mọ́ ara iṣan.

Ìbéèrè kẹta ló le jù, òótọ́ ni mo sì fẹ́ sọ. Kì í sábà jẹ́ pé aṣọ gbó. Ọrùn tí ó dì mú ló lè máa fẹ̀ sí i bí ọdún ṣe ń lọ, ṣòkòtò á wá tú, á yọ̀ sísàlẹ̀. Tàbí kí oríkèé ibi tí ẹsẹ̀ kejì ti wọlé já. Tàbí kí àwọn iṣan kéékèèké tó ti ẹ̀yìn wọ inú àpò náà máa da ẹ̀jẹ̀ padà sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ń pè ní jíjò. Ti iṣan kéékèèké, a sábà máa ń ṣọ́ ọ ni, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dí fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń jò láti ojú ọrùn tàbí láti oríkèé, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe, nítorí agbára ẹ̀jẹ̀ ti tún kan àpò yẹn ní tààrà nìyẹn.

Ọ̀sọ́máàló · Ọjọ́bọ̀, aago 7:20 àárọ̀

Dókítà, ẹ dá mi lóhùn kan: èwo ló ń pa èèyàn jù?

Oníṣègùn Ọ̀dọ́ · Ọjọ́bọ̀, aago 1:05 ọ̀sán

Ó dá lórí ìgbà tí ẹ bá kà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó àwọn aláìsàn tó lé ní 1,000 jọ, gbogbo wọn ti pé ọdún 60 ó kéré tán, ìwú wọn sì tó 5.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjèèjì. Èsì tó jáde ní 2004 ni pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tó kú lára àwọn tó ṣe stent tó 1.7 nínú 100. Lára àwọn tí wọ́n là, 4.7. Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń parí ìtàn sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àǹfààní yẹn ń dín kù bọ̀, nígbà tó sì kọjá ọdún kẹjọ, àwọn tí aneurysm pa ní ẹ̀gbẹ́ stent ló wá pọ̀ jù, torí àpò tó tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó sì bẹ́.

Nítorí náà, ẹni ọdún 62 tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le koko, èmi á bá a sọ̀rọ̀ lílà dáadáa. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rẹ̀, tí oorun tíátà gígùn lè pa lára, stent lè jẹ́ kó rí ọdún tí lílà kò ní jẹ́ kó rí. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Bàbá: ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì láì dúró mí?

Ìyábọ̀ Ìlú Ọba · Ọjọ́bọ̀, aago 6:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbúrò bàbá mi kún un. Níbí, wọ́n máa ń pe ọkùnrin tó bá pé ọdún 65 wá ṣe skáànù ikùn lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí tiwọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó di 5.7, wọ́n ṣe stent. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún wọn, wọn ò sùn. Wọ́n ń gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì wọ́n ti ń rìn. Àpá méjì péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju èékánná lọ.

Wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n padà sílé ní Ifẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Wọ́n ní ara àwọn le, kò sí ohun tó ń ṣe àwọn, kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wá kí wa ni mo fi ipá mú wọn lọ. Orí stent ti yọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ àpò, 5.7 ti di 7.4. Kò dùn wọ́n rárá, àní títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi stent mìíràn lé e lókè, wọ́n wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú pé tí n kò bá fi ipá mú wọn ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí wọ́n ta ilẹ̀, ẹ má fi gbogbo owó ilẹ̀ ra stent. Ẹ pa ti àyẹ̀wò mọ́ síbì kan, kí ẹ sì mọ ẹni tó máa mú wọn lọ.

Bàbá Ìlarè · Ọjọ́bọ̀, aago 9:00 alẹ́

Mo kí ẹ̀yin ọmọ mi. Tèmi jẹ́ 4.2. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa pé èyí tí kò bá tó 5.5, kéèyàn máa fi skáànù ṣọ́ ọ kò burú ju kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ lọ. Mo jáwọ́ nínú sìgá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì ń gbọ́ràn. Ọmọ Télọ̀, ṣé bàbá rẹ ní àbúrò ọkùnrin? Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti sún mọ́ ọgọ́ta? Ẹ lọ ṣe skáànù. Kò dunni, gẹ́ẹ̀lì tútù lásán ni.

Ọmọ Télọ̀ Lágere · Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìdúró o. Èsì CT ti jáde, a sì ti rí dókítà oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ọrùn iṣan náà gùn tó mìlímítà 22, ó sì tọ́. Iṣan ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó. Kíndìnrín dára. Ṣùgbọ́n Bàbá kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì láì dúró. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ṣe dáadáa. Sìgá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dókítà ní lílà ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀dọ̀fóró yẹn ń ba òun, stent ni òun á yàn. Ohun èlò náà láti òkè òkun ló ti ń wá, wọ́n á wọn iṣan Bàbá ránṣẹ́ kí wọ́n tó yan èyí tó bá wọn mu. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ń wọn ara kí ẹ tó ránṣọ."

Wọ́n wá béèrè ohun tí Ìyábọ̀ kọ. Dókítà ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ á wáyé láàárín oṣù kan, á tún wà nígbà tó bá pé ọdún kan, lẹ́yìn ìyẹn lọ́dọọdún títí ayé wọn. Bí ohun gbogbo bá ń lọ dáadáa, skáànù onígẹ́ẹ̀lì lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì lè ṣe é níbí ní Ifẹ̀. Bàbá ní àwọn gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìdajì ilẹ̀ la máa tà. Àbúrò mi ló gbà láti máa mú wọn lọ fún àyẹ̀wò, owó rẹ̀ ti wà lọ́tọ̀. Àbúrò Bàbá tó wà ní Iléṣà ṣe skáànù lánàá: 2.1.

Lálẹ́ òní mo bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n máa ń kọ òṣùwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Wọ́n ti fa ojú ewé tuntun kan, wọ́n kọ orúkọ ara wọn sókè, wọ́n kọ 6.1 sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tá a ṣe skáànù. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sí ìyókù ojú ewé náà, ìlà kan fún ọdún kan. Mo kà á, ó jẹ́ ogún.

Màmá Nọ́ọ̀sì Iléṣà · Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 alẹ́

Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún mi. Mo fẹ́ bá wọn dé ẹnu ọ̀nà tíátà.